Làkúrègbé tó dé ẹ̀dọ̀fóró: èwo nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ló yẹ yín?

Bí dókítà bá ti sọ fún yín pé làkúrègbé tó ń bá oríkèé yín jà ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ìbéèrè kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi wọ́n lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ fún yín: kí ni iṣẹ́ tiẹ̀? Ṣé oríkèé ló wà fún, àbí ẹ̀dọ̀fóró tó wú, àbí àpá tó ti ń le nínú ẹ̀dọ̀fóró náà? Oògùn ni mò ń tà nílùú Ẹ̀pẹ́, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé àwọn èèyàn ń retí èrè iṣẹ́ kan lọ́wọ́ oògùn tó wà fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora á rò pé àyà òun náà ti dá. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀dọ̀fóró á dá a dúró lẹ́yìn oṣù kan nítorí pé orúnkún ṣì ń dùn ún. Owó ni wọ́n ń pàdánù, ẹ̀mí náà sì wà níbẹ̀.

Làkúrègbé tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn ló yíjú padà sí ara fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń gbógun ti inú oríkèé. Ó sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Oríkèé á wú, á sì le gbagidi láàárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló máa ń dé ẹ̀dọ̀fóró lára wọn. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń mu sìgá, àwọn ọkùnrin, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ga, àti àwọn tí anti-CCP wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n fi ń dá làkúrègbé yìí mọ̀, ga gan-an. Ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ, àti mímí hẹlẹhẹlẹ níbi tẹ́ ẹ ti máa ń rìn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ni àmì tó wọ́pọ̀ jù.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn

Kò sí bí ẹ ṣe lè yan oògùn dáadáa láìṣe àyẹ̀wò méjì. Àkọ́kọ́ ni CT scan àyà, irú èyí tó ń ya àwòrán fínnífínní. X-ray lásán kì í sábà rí àrùn yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. CT ló máa sọ bóyá wíwú ló pọ̀ jù, tí oògùn tó ń tu ọmọ ogun ara lójú lè ṣe nǹkan sí, tàbí àpá ló ti gba ibẹ̀, tí kò sí oògùn tó lè yọ ọ́ mọ́. Èkejì ni àyẹ̀wò èémí: ẹ̀rọ kan tẹ́ ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí wọ́n lè mọ iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró yín gbà. Nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ pa mọ́. Òun la ó máa fi wé ti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sí i, òun náà ló sì máa sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ara yíyá nìkan kò tó láti fi mọ̀.

Ẹni tó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Tí ikọ́ ife bá wà níbẹ̀ tí wọ́n wá fún èèyàn ní oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀, iná ni wọ́n da epo sí yẹn.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wúlò nílé, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn ìyá wa níbí máa ń lé láàlì lásìkò iléyá àti ìgbéyàwó. Ìka tí láàlì tàbí ọ̀dà èékánná bá wà lára rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ náà parọ́. Ìka tí ara rẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ra ara wọn títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà. Lára àwa tí awọ wa dúdú, ẹ̀rọ náà tún lè gbé nọ́ńbà ga díẹ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ. Nítorí náà, tó bá ń gbé 95 fún yín, tí èémí sì ń gbé yín, èémí yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú kan

| Oògùn | Oríkèé | Ẹ̀dọ̀fóró tó wú | Àpá tó ń gbilẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Methotrexate | dáadáa | kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ | kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ |
| Prednisolone | kíákíá | ó ń ṣiṣẹ́ | kò ṣe nǹkan sí i |
| Mycophenolate | díẹ̀ gan-an | ó ń ṣiṣẹ́ | ó lè dín ìpalára tuntun kù |
| Azathioprine | níwọ̀nba | ó ń ṣiṣẹ́ | ó ń fẹ́ ìṣọ́ra |
| Rituximab | dáadáa | ó ń ṣiṣẹ́ | ó lè dín ìpalára tuntun kù |
| Nintedanib | rárá | rárá | ó ń dín eré rẹ̀ kù |

Methotrexate tàbí leflunomide

Ìbẹ̀rù methotrexate ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ti gbọ́ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́n á sì jù ú nù. Òótọ́ ni pé ó lè fa wíwú ẹ̀dọ̀fóró lójijì lára àwọn díẹ̀, pàápàá láàárín ọdún àkọ́kọ́: ibà, ikọ́ gbígbẹ àti àìlèmí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń di àpá díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àwọn ìwádìí àìpẹ́ yìí kò rí i pé methotrexate ló ń fà á. Làkúrègbé fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó dá methotrexate dúró fúnra rẹ̀ lè jí kí gbogbo oríkèé rẹ̀ ti wú, láìsí pé ẹ̀dọ̀fóró rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Dókítà ni kó sọ pé kẹ́ ẹ dá a dúró tàbí kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Tí ẹ̀dọ̀fóró bá ti gbọgbẹ́ púpọ̀ ṣáájú, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí tí wíwú òjijì yẹn bá wá dé, kò ní sí ẹ̀dọ̀fóró tó pọ̀ tó láti fi fara dà á.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Mo máa ń fi bírò ńlá kọ JÍMỌ̀ sára páálí rẹ̀, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣòro rántí fún ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀pẹ́, màá sì fi folic acid kún un gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́. Ohun kejì tí mo máa ń sọ tí ẹnu mi fi ń dá ni Septrin. Àwọn èèyàn máa ń rà á bí ẹni ra gúgúrú, fún inú rírun, fún ikọ́. Septrin pẹ̀lú methotrexate lè ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tà á fún yín.

Leflunomide ń ṣiṣẹ́ lórí oríkèé bíi methotrexate, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ní ìṣòro, èmi ò ní fi í rọ́pò methotrexate. Àwọn dókítà ní Japan kíyè sí i pé ó mú kí àrùn ẹ̀dọ̀fóró burú sí i lára àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni àwọn abẹ́rẹ́ TNF, ìyẹn àwọn tó ń dí TNF lọ́nà, èròjà kan nínú ara tó ń fa wíwú, irú bí infliximab àti adalimumab: wọ́n dára fún oríkèé, àmọ́ wọ́n lè jí ikọ́ ife tó ti sùn, a sì ń ṣọ́ wọn gan-an lára ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti mú. Hydroxychloroquine ò ní ẹ̀sùn kankan lórí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì rọrùn láti rà. Oríkèé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, níwọ̀nba, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó fún ọdún púpọ̀.

Prednisolone

Kò sí oògùn tó yára tó o, òun náà ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ọwọ́ á nà, èèyàn á tún lè fọ aṣọ. Ó ní àyè rẹ̀: nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá wú gan-an, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí oògùn tó ń falẹ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá di oògùn ayérayé. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, egungun á fẹ́lẹ́, ojú á máa ṣú, àrùn kéékèèké á sì máa rí ọ̀nà wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ara ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè tirẹ̀; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń já a.

Ọ̀pọ̀ ló ń lo irú oògùn yìí láìmọ̀. Àwọn hóró oògùn tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú ìwé fún “ara ríro” àti àwọn tí wọ́n ń lò kí ara lè kún sábà máa ń ní dexamethasone tàbí prednisolone nínú. Àwọn àgbo inú ìgò kan wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí idán lọ́jọ́ kejì. Mo ní ìfura kan náà sí wọn. Ẹ mú gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà, ẹ má tijú. Tí kò bá mọ̀ pé ó wà lára yín, kò lè yan oògùn tó tọ́.

Mycophenolate àti azathioprine, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa bá ara yín, nítorí hóró oògùn ni méjèèjì, kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, American College of Rheumatology, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà, gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró yìí. Mycophenolate ni wọ́n fi síwájú nínú àwọn tí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀; azathioprine, rituximab àti cyclophosphamide náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n má fi methotrexate, leflunomide, àwọn abẹ́rẹ́ TNF tàbí abatacept, abẹ́rẹ́ oríkèé mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kíyè sí i: ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé oríkèé kò gbọ́dọ̀ rí wọn.

Mycophenolate lágbára lórí ẹ̀dọ̀fóró. Hóró rẹ̀ tóbi, ó sì pọ̀: tó bá jẹ́ hóró mílígíráàmù 500, mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń dé. Inú lè máa ru, ìgbẹ́ gbuuru lè wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo oògùn ọgbẹ́ inú olómi funfun nì pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Oríkèé tí wọ́n fi í tọ́jú nìkan máa ń ṣì dun èèyàn, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi oògùn oríkèé kan kún un.

Azathioprine kò wọ́n tó o, ó ń ṣe díẹ̀ fún oríkèé, hóró mílígíráàmù 50 rẹ̀ sì kéré. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í tètè tú u ká. Ẹ̀jẹ̀ funfun wọn máa ń já wálẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè fò. Ewu kan tún wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ níbí: allopurinol. Oògùn gáùtì ni, gáùtì náà sì jẹ́ làkúrègbé lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà aládùúgbò á ní “èmi náà ní làkúrègbé, gba tèmi lò.” Allopurinol pẹ̀lú azathioprine lè pa èèyàn. Ní ti àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti kún fún àpá, ìwádìí kan lọ́dún 2012 tún jẹ́ kí àwọn dókítà máa ṣọ́ra: lára àwọn tó ní irú àpá ẹ̀dọ̀fóró kan tí kò bá làkúrègbé wá, àwọn tó lo prednisone (ìbátan prednisolone) àti azathioprine pẹ̀lú oògùn kẹta kan kú ju àwọn tí kò lò wọ́n lọ. Àrùn wọn yàtọ̀ sí tiyín, àmọ́ CT wọn lè jọ tiyín.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ìdáhùn ti ṣe kedere. Mycophenolate máa ń ba ọmọ inú oyún jẹ́. Obìnrin tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ fètò sọ́mọ bíbí, kó sì ti dá a dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó gbìyànjú oyún. Methotrexate àti leflunomide náà kì í ṣe oògùn oyún. Azathioprine ni àwọn dókítà máa ń gbà láyè. Ìyàwó ilé tó ṣì ń retí ọmọ, tí wọn ò bi léèrè kí wọ́n tó kọ mycophenolate fún un, kó la ẹnu sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Èmi, tí ẹ bá bi mí: tí ẹ̀dọ̀fóró bá ń wú lọ́wọ́, tí oyún kò sí nínú ètò, tí owó sì lè ra mycophenolate láìdá oṣù kankan sílẹ̀, òun ni mo máa ń gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ bá dókítà sọ. Tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta lẹ lè rà á kẹ́ ẹ tó dúró, azathioprine tẹ́ ẹ lè lò láìdáwọ́ dúró sàn jù.

Rituximab àti cyclophosphamide

Rituximab ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí oríkèé àti ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú pọ̀, nítorí ó ń bá méjèèjì wí. Wọ́n máa ń fa á sí iṣan: mílígíráàmù 1,000 lónìí, 1,000 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ti sú láti Ẹ̀pẹ́ lè rí ìtura nínú ìrìn àjò tí kò pọ̀ yìí. Owó ńlá ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì béèrè iye tó máa jẹ́ títí dé ẹ̀ẹ̀kejì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B kò ṣeé fò rárá. Àrùn náà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, rituximab sì lè jí i dìde débi pé ẹ̀dọ̀ á bàjẹ́.

Cyclophosphamide wà fún ìgbà tí nǹkan bá le, tí èémí ń já lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń lò ó. Ó lè mú kí ìtọ̀ dẹ́jẹ̀, ó sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin.

Nintedanib àti pirfenidone

Àwọn méjì yìí kì í bá ọmọ ogun ara jà. Àpá ni wọ́n wà fún, wọn kì í sì í yọ èyí tó ti wà. Eré rẹ̀ ni wọ́n ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí ara yíyá lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wọn. Ìwádìí INBUILD tí wọ́n gbé jáde ní 2019 gba ènìyàn 663 tí àpá ń gbilẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí 89 nínú wọn jẹ́ onílàkúrègbé. Láàárín ọdún kan, àwọn tó lo nintedanib pàdánù nǹkan bíi mílílítà 81 nínú agbára èémí wọn, àwọn tí kò lò ó pàdánù nǹkan bíi 188. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lò ó ló ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ máa fi oúnjẹ lò ó, mílígíráàmù 150 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà nílé, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Pirfenidone ní ìwádìí tirẹ̀ lára àwọn onílàkúrègbé gan-an, TRAIL1, ènìyàn 123. Wọ́n tètè pa á dé, kò sì dé ibi tí wọ́n fojú sùn, àmọ́ agbára èémí àwọn tó lò ó falẹ̀ ní jíjá. Hóró rẹ̀ pọ̀ lójúmọ́, ó ń mú inú ru, oòrùn sì máa ń jó awọ ẹni tó ń lò ó. Ìyá tó ń tajà lójú oòrùn lọ́jà Olúwo tàbí apẹja tó wà lórí ọ̀sà láti àárọ̀, mi ò ní fi pirfenidone ṣáájú nintedanib fún wọn. Sìgá máa ń dín agbára méjèèjì kù. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn nígbà tó jẹ́ pé wíwú ló wà lójú CT, nítorí owó yẹn ìbá ti ra mycophenolate.

Tocilizumab, abatacept àti tofacitinib, àwọn oògùn làkúrègbé mìíràn, wà fún ìgbà tí àwọn tó ṣáájú kò bá gbà. Abatacept wúlò fún oríkèé ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti mú. Tocilizumab wà nínú ohun tí ìtọ́sọ́nà 2023 gbà láyè tí ẹ̀dọ̀fóró bá ń burú sí i láìka ìtọ́jú àkọ́kọ́ sí.

Èyí tí gbogbo wọn jọ ní

Ẹni tó ń yan ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì síwájú ààrò. Èéfín igi lójoojúmọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró tí oògùn wọ̀nyí fẹ́ gbà là jẹ́.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nimóníà àti ti ọ̀fìnkìn líle, ó sàn kó ṣáájú rituximab. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lọ sí Hájì, ẹ sọ fún dókítà yín ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń gbà fún káàdì òfeefèé ní kòkòrò tó wà láàyè nínú, kò sì dára fún ẹni tí oògùn ti rẹ ọmọ ogun ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má kàn lọ tò sórí ìlà abẹ́rẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù.

Tí ibà bá dé sí yín lára nígbà tẹ́ ẹ wà lórí èyíkéyìí nínú oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀, tàbí tí èémí bá burú sí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má wá ra oògùn ibà lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ tààrà sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà láìsí ìwé dókítà.